Búlúù Tí Oòrùn Ò Rí

Bàámi, ẹ̀yin tí òórùn ọ̀dà kì í kúrò lára aṣọ yín,

Èmi náà rèé o. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé èmi ni mo jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà. Ẹ rántí pé nígbà tí mo fi sẹ́kọ́ńdìrì sílẹ̀ láàárín, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń kun mọ́tò ni màá máa lọ, tíṣà mi ni inú ẹ̀ dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́: mo ti ṣe igi Kérésì tọdún yìí. Ó sì dáa! Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Láti Àrẹ̀mọ títí dé Bẹẹrẹ, kò sí igi tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn tó ń gba iwájú ilé wa lọ sí Ọjà'ba ń dúró yà á ní fọ́tò, èmi náà á sì sáré lọ dúró síbẹ̀ kí n lè bá a wọ fọ́tò.

Ó kù díẹ̀ kó má ṣeé ṣe o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé pósí yín gba ilẹ̀kùn iwájú jáde, Màámi ò gba ibẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn búlúù tí ẹ fọwọ́ ara yín kùn nígbà tí ẹ fẹ́ gbé wọn wọlé bí ìyàwó, wọ́n tì í pa. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde, bí àlejò nínú ilé ara wọn. Àga wọn tó wà ní fàráńdà, eruku ló ń jókòó sórí ẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ní, "Màámi, màá gbé igi Bàámi jáde o."

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà. "Igi wo? Fi irin yẹn síbi tó wà. Ta ni ó ṣe é?"

"Èmi ni. Tèmi á sì dáa ju ti Bàámi lọ."

"Ìwọ yìí! Ẹnu ẹ ló tóbi jù ní gbogbo Àrẹ̀mọ."

Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kí n má ṣe é, àbí wọ́n sọ ọ́? Mi ò purọ́ fún yín, Bàámi, kì í ṣe tìtorí igi nìkan. Mo fẹ́ kí Màámi padà sórí àga wọn. Mo rò ó pé bí igi yẹn bá dúró sí fàráńdà, tó sì rẹwà débi tí gbogbo ilé ń pariwo, wọ́n á ṣílẹ̀kùn wá wò ó.

Ẹ wo bí ẹ ṣe máa ń ṣe é! Igi onírin tí wẹ́dà bá yín jó, imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ máa ń so mọ́ ọn lára títí irin ò fi ní hàn mọ́, agolo mílìkì tí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé sí ìràwọ̀, sí ẹja, sí aago, sí mọ́tò kéékèèké tí táyà ẹ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọ̀ kan ṣoṣo lọ́dún kan. Ọdún kan funfun, ọdún kan pupa takisí. Ẹ máa ń sọ pé igi tó bá ní àwọ̀ púpọ̀ á dà bí àkísà tí a fi ń nuwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò sì ní sọ àwọ̀ tó kàn fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwa ọmọ ilé, onígbàgbọ́ àti ìmàle, á máa yọjú wo èékánná àtàǹpàkò òsì yín, torí orí ẹ̀ lẹ ti máa ń tọ́ ọ̀dà wò. Ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ á lọ fi àwọ̀ míì síbẹ̀ láti fi tàn wá jẹ! Mo ti rí pẹ́ńtà púpọ̀, Bàámi. Àwọn kan á máa wo ìwé, àwọn kan á máa gbé e sórí ìwọ̀n. Ẹ̀yin á kàn kán dúdú díẹ̀ sí i, ẹ á gbé èékánná yẹn sí oòrùn, ẹ á dijú kan, ẹ á ní ó kù díẹ̀. Kí lẹ máa ń rí níbẹ̀ gan-an?

Tèmi, mo ti mọ àwọ̀ tí mo fẹ́. Búlúù ilẹ̀kùn wa ni. Ẹ̀yin lẹ pò ó, kò sí nínú agolo ẹnikẹ́ni, ẹ ò sì sọ bí ẹ ṣe pò ó fún mi. Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú ni?

Mo kó agolo ọ̀dà síwájú ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Múrí, ọmọ àbúrò yín tó ń ran bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ò jẹ́ kí n gbádùn.

"Ògá pẹ́ńtà, ṣé ọ̀dà lò ń pò ni àbí ẹ̀kọ mímu?"

"Múrí, gbájú mọ́ bàtà ẹ. Ṣé èmi ń dá sí ọ̀rọ̀ awọ?"

"Awọ tèmi kì í sá fún mi bí ọ̀dà yìí ṣe ń sá fún ẹ."

Mo fún un lésì tí mi ò lè kọ síbí. Mo fi funfun sí i, mo tún fi sí i, mo ń gbé èékánná sí oòrùn bíi tiyín, mo ń dijú kan. Nígbà tó yá, mo fi díẹ̀ kan ara ilẹ̀kùn. Ó wọlé síbẹ̀, kò hàn mọ́. Múrí fojú wá a títí, kò rí i.

"Wàláì, ó bá a mu! Ọmọ Bàbá Pẹ́ńtà ni ẹ́ lóòótọ́."

Ẹ ò rí bí mo ṣe ń rìn lọ́jọ́ yẹn. Bíi gómìnà! Mo fín ọ̀dà náà sára ìràwọ̀ àti ẹja tí mo gé, mo sì lọ so wọ́n kọ́ sórí okùn aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Màámi ò ti lè ṣe kí wọ́n má rí wọn. Ọgbọ́n lèyí.

Wọ́n dúró. Wọ́n fọwọ́ kan ẹja kan. "Àwọ̀ kí lèyí?"

"Àwọ̀ ilẹ̀kùn Bàámi ni."

Bàámi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. "Èyí kọ́. Èyí ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màámi! Mo fi sára ilẹ̀kùn, kò hàn. Múrí wà níbẹ̀."

"Ta ni wọ́n kun ilẹ̀kùn fún, ṣé èmi ni àbí Múrí?"

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Wọ́n gba inú pálọ̀ kọjá, mo tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìdábùú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á.

Ìmọ́lẹ̀ wọlé. Wọn ò wo ìta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tó máa ń wọnú férémù, wọ́n fi etí ìró wọn nu eruku ibẹ̀. "Wò ó níbí."

Ó wà níbẹ̀. Búlúù tó jìn, tó tutù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, tí pupa kékeré kan sì sá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Oòrùn ò tíì fojú kàn án rí.

Ojú tì mí, Bàámi. Ṣebí ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn? Bí wọ́n bá gbé mọ́tò wá pé kí a bá àwọn rí irú àwọ̀ ẹ̀, a ò gbọdọ̀ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Oòrùn ti jẹ ẹ́. Ká ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ti ń da epo sí i, ká wo abẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni àwọ̀ tí wọ́n fi bí mọ́tò wà. Ẹ ti gbá mi lórí tìtorí ẹ̀ rí. Èmi wá gbé ẹnu mi tó tóbi, mo lọ wo ojú ilẹ̀kùn tí oòrùn ti ń jẹ kí wọ́n tó bí mi.

"Pupa ni bàbá ẹ kán sí i kẹ́yìn," Màámi ní. "Mo wà níbẹ̀. Ó ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Èékánná tèmi ló fi tọ́ ọ wò."

Wọ́n nu àga wọn, wọ́n jókòó sí fàráńdà, wọ́n sì na àtàǹpàkò wọn sí mi. Mo tún ọ̀dà pò. Mò ń tọ́ ọ sórí èékánná wọn, wọ́n ń gbé e sí oòrùn, wọ́n ń ní ó kù díẹ̀. Ohùn yín gan-an ni! Ẹ ti sọ fún ẹnì kan tipẹ́, èmi ni mi ò béèrè.

Mo fẹ́ fi tuntun kun àwọn ti tẹ́lẹ̀, Màámi ò gbà. Wọ́n ní kí n so èyí tó jìn sínú lọ́hùn-ún, mọ́ ìdí irin, kí n so èyí tó ti ṣá sí ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ níta. Nígbà tí a parí, Múrí ní, "Màmá, àwọ̀ méjì ni o. Bàbá ò ní gbà."

"Àwọ̀ kan ni. Ìta lèyí wà, inú nìyẹn wà."

Mo ní tèmi á dáa ju tiyín lọ. Kò dáa jù ú lọ, Bàámi. Ẹ má sọ fún Múrí.

Ọ̀sán ni mò ń kọ èyí, ọyẹ́ sì ń gbá eruku wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti ti ilẹ̀kùn ni. Màámi ní kí n fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí n sì lọ tún ẹja apá òsì yẹn so, pé ó wọ́. Mo wò ó. Ó wọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n lọ tún un so.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi yín yangàn káàkiri Àrẹ̀mọ, tí búlúù yín ṣì wà léèékánná àtàǹpàkò òsì ẹ̀.