Ìṣó Tó Wà Lára Òpó Afárá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí aya yín. Mo nírètí pé orúnkún yín ti fúyẹ́, ìfẹ̀yìntì ò sì tíì sú yín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní ọ́fíìsì. Àga yín nìkan ló ń dún gbì-ín bí mo bá jókòó sí i, àfi bí ẹni pé ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé bí odò bá ti fà dé ìlà pupa lára igi ìwọ̀n, gbogbo ẹni tó gbàwé àṣẹ láti fa omi gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, akọ̀wé wa ròyìn pé omi ti wà nísàlẹ̀ ìlà náà. N kò lọ wò ó. Orí àga yín ni mo jókòó sí tí mo fọwọ́ sí lẹ́tà ìdádúró mọ́kànlá kí n tó jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Ewé wọlé, ọlọ́gbìn tó ń tọ́ igi ọsàn nísàlẹ̀ odò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọmọ igi ló wà nílẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì lè fara da ọjọ́ mẹ́ta láìrómi. Kò pariwo. Ó tẹ́ lẹ́tà mi sórí tábìlì, ó ní, "Màdámù, ìwé yín ló gbẹ, odò ò tíì gbẹ." Mo ka òfin fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ẹ̀yin tí mo gbapò yín kì í fọwọ́ síwèé kí ẹsẹ̀ yín tó tutù nínú odò.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo rántí ìṣó tí ẹ kàn mọ́ òpó afárá lọ́dún tí mo wọṣẹ́, ní déédéé ìlà pupa, tí a ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń wá ibi tí ẹ máa fi fìlà kọ́. Ẹ ní, "Igi lè ṣí nípò, afárá kì í rìn." Mo bọ́ bàtà, mo wọ odò. Ìṣó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n omi ṣì fi ìka mẹ́rin ga jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn ìkún omi tó gbé igi ìwọ̀n àtijọ́ lọ, orí àpáta ni àwọn oníṣẹ́ gbé tuntun lé. Igi ga jù, ó sì ń pe omi ní kékeré. Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, láti orí afárá, láìsọ̀kalẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà, mo rò ó láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó wo ẹrẹ̀ tí mo kó wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí lẹ́tà mọ́kọ̀ọ̀kànlá padà wálé lọ́jọ́ náà. Èmi fúnra mi ni mo lọ bẹ Bàbá Ewé. Ó bu omi fún mi kí n fi ṣan ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ má fòyà, kò kọjá ohun tí ìwé àṣẹ mi gbà."

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ọdún méjìdínlógún lẹ fi jẹ́ ká máa rẹ́rìn-ín, ẹ ò yọ ìṣó yẹn. Ní báyìí, ẹni tó bá ka igi gbọ́dọ̀ ka ìṣó.

Kí ẹsẹ̀ yín tó mọ odò má mọ ìrora. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe síbi tí ojú ò tó, kí ẹ jèrè rẹ̀ níṣojú yín.

Èmi ni àbúrò yín lẹ́nu iṣẹ́, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Àfikún: Mo fẹ́ lẹ àpòòwé yìí ní àná nígbà tí omi fà dé ìṣó. Ìdádúró gidi dé nìyẹn, ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn tèmi. Mo gbé lẹ́tà Bàbá Ewé lọ, mo bá ẹ̀rọ rẹ̀ ní pípa. Ó ti lọ wo ìṣó láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn ló fi rọra fa omi kún àwọn tánkì rẹ̀, láìkọjá ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọn ọmọ igi náà ṣì tutù yọ̀yọ̀.