Àálè Níbi Ìgbọ́kọ̀sí

Ìsọlọ̀, létí odò,
Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1977.

Olúfọlákẹ́, Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì kò fi iṣẹ́ bò ọ́ mọ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ tiwa lo fẹ́ bèèrè, orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń kìlọ̀ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ewúrẹ́ ìyá ẹ bí ìbejì, àwa yòókù ń mí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó gbé ọ dé Márínà kò ní jẹ́ kí omi ibẹ̀ gbé ọ lọ.

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ fún ọ pé ìyá ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Inú burúkú kọ́ o, oúnjẹ mi ṣì ń dé lásìkò, ẹja inú ẹ̀ nìkan ló ń kéré sí i. Bó bá ní nǹkan í sọ fún mi, ewúrẹ́ ló ń sọ ọ́ fún. Láàárọ̀ yìí ó ní kí ewúrẹ́ bá òun bi bàbá Fọlákẹ́ bóyá ó ti kọ lẹ́tà náà, àbí ìgbà tí kánsù bá kó tábìlì òun tán ni yóò tó wá bíírò. Ìdí tí o fi ń rí ìwé yìí nìyẹn.

Èmi ni mo jẹ̀bi, àmọ́ ìwọ náà ní díẹ̀ níbẹ̀. Ṣé o rántí lẹ́tà tí o kọ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, tí o ní lọ́dọ̀ yín ní Márínà àwọn olówó máa ń jókòó síta létí omi, lábẹ́ agbòòrùn ńláńlá, kí wọ́n máa jẹun, àti pé oúnjẹ ìta yẹn wọ́n ju ti inú ilé lọ? Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní kí Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́ tó yá yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá mi kà á, kí ojú mi má baà máa tàn mí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo wá rò ó pé, afẹ́fẹ́ ti wá di ohun títà, àwa tí a wà létí odò níbí sì ní i débi pé a ò rí ẹni gbé e fún. Mo sọ fún ìyá ẹ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ń ta ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ inú Ẹsítéètì ti mú ooru jù, kí ó kó tábìlì sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, kí wọ́n máa wo omi jẹun. Ó ní òun ò rò pé ẹni tó ti dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ bìkítà nípa ohun tó ń wò. Mo ní kí ó sá gbà mí gbọ́.

Ó gbà mí gbọ́, Àdùkẹ́, ká má sì parọ́, ó kọ́kọ́ dùn. Tábìlì mẹ́fà ń kún. Àwọn awakọ̀ náà ń yà, Rájí tó ń wa lọ́rì ilé iṣẹ́ bisikíìtì sì ní bí òun bá ti jókòó síbẹ̀, òun máa ń gbàgbé pé ìyàwó méjì ló ń dúró de òun nílé. Èmi a máa rìn láàárín tábìlì, màá kó ọwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni pé èmi ni mo se ọbẹ̀.

Nǹkan kì í dùn tó báyẹn kí kánsù má gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Adébánjọ gun mọ́tò ìjàpá wá, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó rí bàtà tó wọ̀. Ó tẹ́ àwòrán kan sórí tábìlì, ó ní wọ́n ti pín Ìsọlọ̀, ibi tí à ń gbé lọ́tọ̀, ibi tí à ń tajà lọ́tọ̀, ibi ilé iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ó ní yàrá wa wà níbi tí à ń gbé, àmọ́ igi àgbálùmọ̀ ti bọ́ síbi tí à ń tajà. Mo bi í pé ṣáláńgá wa ń kọ́. Ó wo àwòrán náà títí, ó ní ìlà gba àárín ẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ibẹ̀, mo máa ń ro ẹ̀gbẹ́ tí mo kọjú sí kí n má baà lu òfin.

Ó wá ní ẹni tó bá gbé tábìlì oúnjẹ síta gbọ́dọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, tábìlì méjì, àyè mọ́tò kan, kí àwọn tó wá jẹun má baà máa dí títì. Mo ní ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń rìn wá, àwọn kan ń gba orí odò wá láti òdìkejì, ṣé kánsù ò lè bá wa ka ọkọ̀ ojú omi mọ́ mọ́tò ni? Ó ní ọkọ̀ ojú omi ní òfin tirẹ̀, pé kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n máa so ó sítòsí ibi tí èèyàn ti ń jẹun, àti pé òun máa mú ìwé yẹn náà wá. Mo yára bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

O mọ̀ mí, mi ò fẹ́ kí ìjọba pè mí kí n má jẹ́. Mo wọn ilẹ̀, mo fi ẹfun fa àyè mẹ́ta. Ìgbà tí mo fà á tán ni mo rí i pé tábìlì mẹ́rin ló wà nínú ìlà. A gbé wọn kúrò fún mọ́tò tí kò tíì dé, a gbé wọn lọ sẹ́bàá omi, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń jẹun, ẹsẹ̀ wọn ń rì. Mo tún rò ó pé ilẹ̀ wa dà sódò, bẹ́ẹ̀ sì ni ní gbogbo ìgbà tí mo fi wa ọkọ̀ ní odò yìí, mi ò rí ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìso kí a tún bá a níbẹ̀. Nítorí náà mo gún èèkàn sí àyè kọ̀ọ̀kan, mo so okùn tuntun mọ́ ọn. Rájí bi mí pé, bàbá, níbo lára lọ́rì ni kí òun so okùn mọ́, ṣé imú ni àbí etí? Mo ní ibi tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tí à ń rín.

Ibi tí mo ti ba nǹkan jẹ́ gan-an ló kù yìí. Àwọn tí kò jẹun lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò sínú ìlà, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Adébánjọ dé, ó bá mọ́tò àlejò níbẹ̀, ó ní èyí ò dáa, kí n gbé àmì síbẹ̀, àmì tí ẹnikẹ́ni bá rí tí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé. Àdùkẹ́, ìwọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Àmì wo ló wà láyé tí ẹni tí kò mọ̀wé ń kà, tí kì í ṣe àálè?

Mo so àálè. Mo mú àkísà pupa, mo mú ìkarahun ìgbín, mo mú ṣúùkù àgbàdo, mo mú ìgbálẹ̀ ìyá ẹ tí kò tíì gbó, mo tún fi ẹsẹ̀ kan bàtà tí mo wọ̀ níjọ́ ìgbéyàwó wa kún un, torí ọkùnrin yẹn ní kí àmì náà hàn kedere. Mi ò pe ọ̀rọ̀ kankan sí i, mi ò mọ ọ̀kan. Mo kàn so wọ́n rọ̀ lórí èèkàn ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀ mọ́. Inú mi dùn. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta, kò sí ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Ẹsítéètì ń gba ẹ̀yìn ilé Ìsíátù, aládùúgbò wa, kọjá, Rájí dúró lórí títì ní ọ̀ọ́kán, ó ń nawọ́ sí wa bí ẹni ń kí aláàrùn. Ó ní òun ò bá wa jà, òun kàn ní ọmọ ni. Kí n má tàn ọ́, èmi tí mo fọwọ́ ara mi so ó, bí mo bá ń lọ sódò, ẹ̀yìn ilé Ìsíátù ni èmi náà ń gbà.

Adébánjọ tún dé. Ó gbé ìjàpá rẹ̀ sórí títì, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mọ́tò sí. Mo ní ọ̀gá, ẹ wọlé, àyè ń bẹ. Ó ní ọmọ ìjọ ni òun, òun ò gba nǹkan báyìí gbọ́, àmọ́ ibi tí òun wà yìí náà dáa. Ó wá ní kí n já a sílẹ̀. Mo já a. Ó tún burú sí i. Rájí ní ejò tí a ń wò sàn ju èyí tó ti wọ àjà, pé nígbà tó wà lórí èèkàn, a mọ ibi tó wà, ní báyìí níbo ni bàbá gbé e sí? Mo ní mo gbé ìgbálẹ̀ padà fún ìyá Fọlákẹ́. Ìyá ẹ ju ìgbálẹ̀ náà sódò lójú gbogbo ayé, ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé. Adébánjọ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ọkọ̀ kankan kì í wọ̀, ilẹ̀ lásán ni lójú kánsù. Ó ní òun ń bọ̀ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, bí òun ò bá bá mọ́tò nínú ìlà, ọkọ̀ kánsù á kó tábìlì lọ. Ìyá ẹ ò sì lè padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí à ń gbé nìyẹn nínú àwòrán, wọn ò gbọdọ̀ tajà níbẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fi ọgbọ́n Márínà kó síta, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó o wọlé.

Mo ti rò ó títí. Àálè kì í mú olóko, kì í sì í mú ọmọ olóko. Gbogbo Ìsọlọ̀ mọ èyí. Nínú gbogbo ẹni tó ní mọ́tò láti ibí dé Òṣòdì, ìwọ nìkan lo lè gbé mọ́tò síbẹ̀ tí ẹ̀rù ò ní bà ọ́. Bí wọ́n bá rí mọ́tò ìjàpá tìrẹ náà níbẹ̀ ní Sátidé, tí wọ́n rí i pé o jẹun tán, o sì dìde, Rájí á wọlé tẹ̀ lé ọ.

Mo rántí pé o kọ̀wé pé òfin nọ́ńbà mọ́tò, tó pín ọjọ́ ìrìn fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ni kò jẹ́ kí o wá láti ìgbà yìí, pé ọjọ́ tí ti mọ́tò rẹ bá bọ́ sí kò bọ́ sí rere. Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní òfin náà kì í mú Sátidé, kì í sì í mú Sọ́ńdè. Mo ní kí ó tún ìwé ìròyìn rẹ̀ kà dáadáa, pé ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Márínà mọ òfin ju ẹni tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké lọ. Ó wò mí. Ìyá ẹ náà wò mí. Ewúrẹ́ pàápàá wò mí.

Tó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ ni òfin mú Sátidé, fi mọ́tò sílẹ̀, kí o wọ bọ́ọ̀sì. Má gbé ti àyè náà sọ́kàn. Màá gbé àga kan sáàárín ìlà, wàá jókòó síbẹ̀, ìyá ẹ á gbé oúnjẹ wá bá ọ. Kánsù lè má kà á sí mọ́tò. Àwa á kà á.

Mi ò bèèrè owó ńlá. Bá mi ra ìgbálẹ̀ kan tó dáa ní ọjà Bọ́ládé bí o bá ń kọjá, kí n fi bẹ ìyá ẹ. Ó ti lọ yá ti Ìsíátù, mo sì rí i láàárọ̀ yìí tó ń fi gbá inú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sọ fún ewúrẹ́ pé nítorí kánsù ni. Ó gbá èyí tó wà nítòsí igi ju àwọn tó kù lọ.

Ọ̀nà á gbà ọ́, Àdùkẹ́. Níbi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń yí po tí wọn ò rí àyè, Ọlọ́run á la àyè sílẹ̀ fún ọ. Ibi yòówù tí o bá gúnlẹ̀ sí, wàá bá ẹni tó ti gbá a dè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abórìṣàdé.