Ta Ló Tọ́ Omi Oníke Wò?

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ, 2025
Mo ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mi ò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ó tó mi kọ èyí.

Moṣọpẹ́, ọmọ ọmọ mi, wá lo ọlidé. Mo bu omi fún un nínú kẹ́ẹ̀gì mi. Mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò. Ó tu ú dànù. "Ìyá àgbà, omi yín ń rùn."

Omi ẹ̀rọ tí ọkọ mi fà wọ ilé yìí! Èmi ò gbóòórùn kankan. Ẹnì kan ló kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo ti mọ̀ ọ́n. Jessica, ìyá rẹ̀, ìyàwó Ayọ̀túndé ọmọ mi. Dókítà ni mò ń pè é nítorí àṣejù ìmọ́tótó rẹ̀ — bàtà ló ń tà l'Ódògbólú. Ó gbé páálí omi oníke wá. "Mà, ẹ má bínú. Bí Moṣọpẹ́ ò bá mu èyí, mo máa mú un lọ lọ́jọ́ Àìkú."

Omi fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Mo ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó rẹ́rìn-ín: "Mà, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn! Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́?

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo fi omi oníke mu gàrí. Kò yàtọ̀. Ìyẹn náà ń kọ mí lóminú.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mi ò lè máa fa ẹnu ike bí ọmọ ọwọ́. Mo tú gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì — kẹ́ẹ̀gì ni mò ń lò látìgbà tí Fàtímọ̀ aládùúgbò mi ti yá àmù mi, oṣù tó kọjá ni mo ra èyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Moṣọpẹ́ mu ún. Ó tu ú. "Ó ṣì ń rùn."
Hẹn-ẹn! Omi Dókítà náà ń rùn! Mo jó nínú ilé ìdáná.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Jessica dé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá báàgì ọmọ. Mo sọ fún un pé omi tirẹ̀ náà rùn. Kò bá mi jà. Ó gbé imú sẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. "Mà, kẹrosíìnì ni wọ́n ń rọ sínú èyí tẹ́lẹ̀." Mo ní ẹni tó tà á ló sọ pé òun ti fọ̀ ọ́.

Ó fi ife gba omi lẹ́nu ẹ̀rọ gan-an. Mò ń ṣọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò — òun fúnra rẹ̀! — kó tó gbé e fún ọmọ. Moṣọpẹ́ mu ún tán, ó tún bèèrè òmíràn.

Ó gbé báàgì padà sí yàrá. Ọmọ dúró.

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo rò ó. Omi ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Omi oníke ò jẹ̀bi — ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà á gbọ́. Imú mi ò jẹ̀bi. Ta ló sọ mí di oníkẹ́ẹ̀gì? Fàtímọ̀, aládùúgbò mi àtijọ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Mubarakah ọmọ rẹ̀ ló yá àmù mi, àmù amọ̀ gidi, olómi tútù. Mubarakah ti bímọ tirẹ̀. Fàtímọ̀ ti kó lọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tòun t'àmù. "Màmá Ayọ̀túndé, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" — ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Moṣọpẹ́ bá mi tẹ fóònù. Mi ò kí i.
"Fàtímọ̀, dá àmù mi padà."