Apá Kejì Ìwé Bàbá Rẹ Wà Lọ́wọ́ Waliyat

Bẹyẹrunka, Ìbàdàn.

Abdulmumin Àyìndé, ọmọ mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Kì í ṣe Ìyábọ̀ tíṣà wa ní ilé-ìwé àgbà ló bá mi kọ ọ́, ó kàn wò ó ni, ó sì ní kí n tún ìlà kẹta kọ, mo sì tún un kọ. Bí o bá rí àṣìṣe, rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ni mí, má fi han ìyàwó rẹ. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Mo kí Àbújá fúnra rẹ̀ pé ó bá mi tọ́jú yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oòrùn ibẹ̀ lágbára jù yín lọ, kí ó sì bo àléébù rẹ lójú ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́. Àmín.

Àwa náà wà níbí. Òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé Bàbá Fàsásì olórí ẹbí wa, ṣùgbọ́n kò pa ewúrẹ́ kankan. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ní Bẹẹrẹ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta èèpo fóònù. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́sí, òórùn gọ́ọ̀mù ìwé ṣì ń jáde, àbí imú mi ló ń tàn mí jẹ, n kò mọ̀. Mo dúró díẹ̀, ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí pé irú fóònù wo ni mo ń lò, mo ní dúdú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé bàbá rẹ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé títún ìwé tó fàya rán ni iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Tíṣà á gbé tirẹ̀ wá, pásítọ̀ á gbé tirẹ̀ wá, Áfáà náà á gbé tirẹ̀ wá, àwọn kan ò ní padà wá mọ́, bóyá wọ́n ti gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn, bóyá wọ́n ti kú. Kò ta ọ̀kankan rí. Ó ní ìwé tí ẹni tó ni ín ò wá gbà, àlejò ni, a kì í lé àlejò.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ya ọ̀bọ kan tó tẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e nàró díẹ̀, òmíràn nàró sí i, títí ó fi di ọkùnrin gíga kan tó ń rìn lọ. Mo ti gbà tipẹ́ pé ìwé àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ni, mo sì ń nàró bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, ó ń ṣe mí lóore. Ìgbà tí mo dé ilé-ìwé ni Ìyábọ̀ wá ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ níbẹ̀ ni pé ohun ẹlẹ́mìí máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, pé ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ló ń gbà. Mo ní kí ó wá wo Ishaq ẹ̀gbọ́n rẹ tó ra mọ́tò, ọ̀sẹ̀ kan péré ló gbà á, kò mọ̀ wá mọ́. Ìwé tí pásítọ̀ kan gbé wá náà wà níbẹ̀, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ìyábọ̀ ní láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn, ẹni tí Ọlọ́run jẹ́ ni wọ́n ń wádìí nínú rẹ̀. Àánú ẹni tó kọ ọ́ ṣe mí, mo ní ṣé kò sí àgbàlagbà kankan ládùúgbò rẹ̀ tó lè sọ fún un ni?

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn ni ìwé Yorùbá kan tí èèpo rẹ̀ ti já, tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìtàn àgbẹ̀ olóko kòkó kan ni, ní abúlé kan, wọ́n bá òkú rẹ̀ níbi tó ń sá kòkó sí, a ò mọ ẹni tó pa á. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ máa ń kà á sí mi létí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo ṣe sàráà fún olóògbé náà. Áfáà bi mí pé ọmọ agbo ilé wo ni, mo ní kò tíì hàn, ọlọ́pàá ṣì ń wádìí. Ohun kan ṣáà ń yà mí lẹ́nu. A ó fi ọlọ́pàá sílẹ̀ níbi tó ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí àbúrò olóògbé lọ́wọ́, nígbà tí a bá tún padà sí i, àbúrò náà á ti wà nílé, á máa jẹ iyán. Mo ní ta ló tú u sílẹ̀? Bàbá rẹ á rẹ́rìn-ín, á ní kí n ní sùúrù. Nígbà tí ẹ̀yìn ìwé náà já, ó gé e sí méjì, ó rán apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. A ò tíì dé ibi tí wọ́n ti mú apànìyàn tí Ọlọ́run fi pè é.

O ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún. Ìdí-igi méjì ni wá, èmi àti Waliyat tí bàbá rẹ fẹ́ lé mi. Bàbá Fàsásì kó ìwé sílẹ̀, ó ń kà á bí ẹni ń ka iṣu, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Bí apá kìn-ín-ní ṣe já sọ́dọ̀ mi nìyẹn, tí apá kejì já sọ́dọ̀ Waliyat. Mo pariwo pé ìwé kan ṣoṣo ni. Bàbá Fàsásì ní ojú òun kò fọ́, méjì ni òun rí. Inú bí mi, mo ní kí ni Waliyat fẹ́ fi ìwé ṣe, àbí ẹ̀pà ló fẹ́ fi dì? Waliyat ní kí èmi Ìyáálé òun tí mo mọ̀wé kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Waliyat kó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, a ò sì kí ara wa mọ́.

Ẹ̀rín yẹn ló lé mi lọ sí ilé-ìwé àgbà. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n ní kí n kọ orúkọ òbí tàbí alágbàtọ́, mo kọ tìrẹ torí ìwọ lò ń bọ́ mi. Bí wọ́n bá pè ọ́ pé n kì í tètè dé, jọ̀ọ́ bá mi bẹ̀ wọ́n. O ti ní kí n má ṣe wàhálà, pé fóònù lè ka ìwé síni létí. Mo gbé e síwájú ìwé náà, mo ṣí ojú ewé fún un, mo tan iná kí ó lè ríran, ó kàn ń wò mí ni.

Kí n tó gbàgbé, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún awò ojú. Kì í ṣe oúnjẹ ni mo ń tọrọ. Lẹ́tà “b” àti “d” ti ń fara jọ ara wọn jù.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ka apá tèmi. Mo rí i pé ibi tí wọ́n ti tú àbúrò olóògbé sílẹ̀ wà níbẹ̀ kedere. Bàbá rẹ ló fò ó! Mo bínú sí òkú. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo gba Ọ̀rányàn lọ sọ́dọ̀ Waliyat, mo rò pé yóò lé mi. Mo ní mo wá yá ìwé. Ó wò mí, ó ní ṣé ẹ̀pà inú rẹ̀ ni mo wá gbà? Mo ní mo ti lè ka àpò sìmẹ́ǹtì o. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣí àpótí, ó mú ìwé náà jáde nínú gèlè tó fi wé e.

Mo fẹjọ́ sùn pé ọkọ wa rẹ́ mi jẹ, ó fo ibi tí wọ́n ti tú àbúrò olóògbé sílẹ̀. Waliyat ní kò fò ó fún òun, ohun tí òun ò mọ̀ ni ìgbà tí ọlọ́pàá mú àbúrò náà. Àṣé bí ó bá ti di ọjọ́ Waliyat, ibi tí èmi àti bàbá rẹ dé ni yóò ti máa kà lọ! Ìlàjì ìlàjì ìtàn kan náà ni wọ́n ń bù fún wa, tí olúkúlùkù wa ń bú ẹni tó kọ ọ́. Orí tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ọjọ́ Waliyat. Ọjọ́ kejì tó yẹ kó wá sọ́dọ̀ mi ni àìsàn dá a dúbúlẹ̀.

Waliyat mọ apànìyàn. Ó ní òun ò ní sọ, kí n kà á fúnra mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka orí náà, ó jókòó tì mí, kò já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu, kódà nígbà tí mo bá ń ṣì í pè. Akọ̀wé tó ń wọn kòkó ló pa á. Inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò. Ó kàn parí ni.

Waliyat wá fi ìka kan etí ìwé. Bàbá rẹ fi pẹ́ńsù sàmì káàkiri ibẹ̀, ìlà kúkúrú níbìkan, òdo róbótó níbòmíràn. Mo ti ń rí i nínú apá tèmi, mo rò pé ọmọ kan ló fi ṣeré. Waliyat ní òdo ni ibi tí òun gbọ́ dé. Ìlà wá jẹ́ tèmi. Ó mọ ibi tí olúkúlùkù wa já sí, ó fẹ́ padà wá fi èyí tó kù kún un fún wa ni, ikú ni kò fún un láyè. Lójú ewé tó gbẹ̀yìn, òdo Waliyat nìkan ló wà níbẹ̀. Ó na pẹ́ńsù sí mi. Mo fa ìlà tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́.

Àyìndé, ikú ò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ. Ohun tí o bá bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tìrẹ, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sọ ọ́ dé òpin fún wọn. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdí.