Ìlà Funfun Ara Nọ́ọ̀tì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ̀ yín ti ń gun òkè Ìkẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, ara sì fu mí. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú yín kẹ́yìn, kí ẹ tó fi wá sílẹ̀, ṣe ló ń fà bí àgbà tó ń ti oko bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dàpọ̀ àbúrò mi fi gbé mi lọ sí Ìsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tẹ pẹ́dáàlì délẹ̀ tí ọkọ̀ fi fò síwájú. Lábẹ́ ariwo rẹ̀ ni mo gbọ́ kó-kó-kó, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí yunifásítì tó kọ́ mi. Èéfín tó ń jáde ló ń yí fáànù kékeré tí a ń pè ní tọ́bò, tọ́bò ló ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Bí a bá ń rìn jẹ́jẹ́, èéfín kò pọ̀, tọ́bò á máa tòògbé. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí èéfín ń gbà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà pọ̀ jù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dì í mú. Ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì irin yẹn, ilẹ̀kùn kò ní tètè ṣí, tọ́bò rẹ̀ á tètè jí, ọkọ̀ á lágbára láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá tún epo àti iná rẹ̀ tò mọ́ ọn, epo á máa gbiná ṣáájú àsìkò, á máa lu písítìnì kó-kó-kó títí yóò fi fọ́.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ rántí ọ̀dà funfun yín? Nọ́ọ̀tì tí ẹ bá ti fún lẹ máa ń fa ìlà lé, dé ara irin, kí ẹ lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá yí i. Ẹ ní ulé ẹ́ńjìnì ni, a kì í wọ̀ ọ́ láìkan ilẹ̀kùn. Ìlà ti nọ́ọ̀tì yẹn ti já sí méjì.

Dàpọ̀ búra pé òun kò fọwọ́ kàn án. Mi ò gbà. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó kù kí ẹ pe ọlọ́pàá sí mi nítorí nọ́ọ̀tì!” Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, kò sì sùn nílé mọ́. Màmá ń wò mí bí ẹni tó lé ọmọ rẹ̀ jáde.

Láàárọ̀ yìí, mo fi kẹrosíìnì nu nọ́ọ̀tì náà. Ìlà kejì wà lábẹ́ ìdọ̀tí, kò já rárá. Ìrù rẹ̀ yà sí òsì, bí ọwọ́ òsì yín ṣe máa ń fà á.

Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún un fún. Kí ló dé? Ṣé òkè yẹn ló sú yín? Àbí Màmá ló ní ọkọ̀ ń fà jù? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé síkúrúdíráfà sétí láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ṣé ẹ kò gbọ́ kó-kó-kó yẹn ni, àbí ẹ gbọ́, ẹ dákẹ́? Kí ló tún wà níbẹ̀ tí ẹ fún, tí ẹ kò sọ fún mi?

Mo ti ránṣẹ́ pe Dàpọ̀. Mi ò tíì dá nọ́ọ̀tì náà padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí ìlà méjèèjì, kó fojú ara rẹ̀ mọ ọwọ́ tó fà wọ́n. Lẹ́yìn náà, màá bẹ̀ ẹ́. Òun ni màá fún ní sípánà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fura sí yín, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.