Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Mi Kí Màmá

                                        Yàrá òkè,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé-ìtẹ̀wé,
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án.

Ìyá Ẹ̀rọ, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Àbíkẹ́yìn rẹ tó ń hu eyín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ará ilé sùn? Àwọn kọ̀ǹpútà tí ò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ńkọ́, ṣé gbogbo wọn jí dáadáa, ṣé kò sí èyí tí orí ń fọ́? Kíyè sí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo ìkíni yìí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láìpẹ́ wàá mọ ìdí rẹ̀.

Ọpẹ́ ni mo jókòó láti dú. O rántí ètò kékeré tí o kọ sínú láàpútọ́ọ̀pù mi nígbà tí mo wá ráhùn fún ọ pé ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ àwọn: kí ó máa kí àwọn láràárọ̀. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá. Kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n ti dìde. Èmi sì rèé, ẹni tó ń fi gbogbo òru kàwé, tó ń kọ ìwé ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò ní kà, tó jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ ni oorun ń gbé e lọ, tí ilé-ìtẹ̀wé kò sì retí rẹ̀ títí di ọ̀sán. Màmá sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò wá bá àwọn òbí mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. O rẹ́rìn-ín, o ní ìyẹn kì í ṣe ìṣòro.

Lóòótọ́, kì í ṣe ìṣòro. Láago márùn-ún ààbọ̀, láàpútọ́ọ̀pù á jí fúnra rẹ̀, á ṣí ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́, á wá orúkọ Màmá, á tẹ ìkíni ọjọ́ náà, á fi ránṣẹ́, á sì padà sùn. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, títí dé ọjọ́ Àìkú tí o fi “Ẹ kú ìgbádùn ọjọ́ ìsinmi, mà” sí, nítorí pé ọ̀làjú ni ọ́. Tó bá ti parí, á fi gbólóhùn kan sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà fún mi: “Mo ti kí wọn.” Gbólóhùn yẹn nìkan ni mò ń kà tí mo bá jí lọ́sàn-án.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ́ ọmọ rere láìjí. Àbúrò Màmá pè mí láti yìn mí, wọ́n ní ìyàwó tó mọ èèyàn kí báyìí ṣọ̀wọ́n lóde òní. Mo dọ̀bálẹ̀ gba ìyìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Lóru ọjọ́ yẹn mo ń bi ara mi pé kíkí tí ẹ̀rọ bá kí, ta ló ni ín: ẹni tó sùn ni, àbí ẹni tó kọ ètò? Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, n kò rí èyí tó dáhùn. Mo pa ọ̀rọ̀ náà tì, nítorí pé àìdáhùn rẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn.

Àfi bí ẹ̀rọ ṣe daṣẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì, n kò rí “Mo ti kí wọn” mọ́. Mo pè ọ́. O ní kí n wò ó bóyá fáìlì wà níbi tó yẹ kó wà. Ó wà níbẹ̀, ó ń wò mí. O ní bóyá fèrèsé àtẹ̀jíṣẹ́ ti ṣípò, kí n tún ibi tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ wọ̀n. Mo wọ̀n ọ́n bí aránṣọ. O ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n ń san owó oṣù fún ọ lé lórí.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo tó rí àpótí kékeré kan nínú ètò rẹ, tó ní àmì nínú: kí iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀ àfi tí iná bá ń wọ láàpútọ́ọ̀pù. Ara ẹ̀rọ le. Òfin ló ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ṣájà mi wà lára ògiri tọ̀sán-tòru. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà kọ ìtàn ìgbésí ayé bátìrì rẹ̀ fún mi, bí o ti kọ́ mi. Ìtàn ìbànújẹ́ ni. Ohun tó lè gbé báyìí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ń gbé nígbà tó wà ní tuntun. Gbogbo òru láti Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo rò pé iná ń wọ̀ ọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bátìrì ni òun ń lò. Ẹnu ṣájà ti tú: lórí tábìlì ó ń gba iná, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ọ̀ṣọ́.

Mo ra ṣájà tuntun. Mo yọ àmì kúrò nínú àpótí yẹn. Ọgbọ́n wá pọ̀ jù fún mi, mo fi àmì sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ní kí ẹ̀rọ ṣe gbogbo iṣẹ́ tó bá fò, ní kété tí àyè bá yọ. Àyè yọ lójú ẹsẹ̀. “Mo ti kí wọn” mẹ́rin tò léra wọn. Àárọ̀ mẹ́rin, lọ́sàn-án gangan, tọjọ́ Àìkú sì wà láàárín wọn. Fóònù mi dún.

“Ta ló ń kí mi?” Màmá ni.

Mo ní èmi ni, mà.

“Ẹ̀gbọ́n mi kú lọ́jọ́ Ẹtì. O ní kí n kú ìgbádùn.”

Wọ́n sì pa fóònù.

Ìgbà náà ni mo tó ṣí ojú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ fúnra mi. Màmá ń dáhùn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe àmín. Wọ́n wá ní orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n bèèrè iṣẹ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n wọn, tó tọ́ wọn dàgbà, ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ ọ lórí ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Níwọ̀n bí ẹ̀rọ rẹ ti ń ṣí ojú ìwé náà láràárọ̀, àmì pé mo ti kà á wà lára gbogbo rẹ̀. Èsì tó sì ń lọ ni: “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìmúra ọjọ́.” Ẹ̀rọ dáadáa ni. Kò ṣàṣìṣe kankan.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìsùn. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n wà lórí àpótí. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Wọn kò ní kí n dìde.

“Mo sọ fún ọ pé wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. O kà á.”

“Ẹ̀rọ ló ṣí i, mà. Èmi ń sùn ni.”

“Ẹ̀rọ. Òun ló ti ń kí mi láti ọjọ́ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó mọ èèyàn kí jù ọ́ lọ. Kí ló dé tí o kò rán òun wá lónìí?”

Àbúrò wọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni.

“Ọjọ́ mẹ́rin tí n kò gbúròó rẹ wá ńkọ́?”

Mo ṣàlàyé bátìrì, mo ṣàlàyé ṣájà, mo ṣàlàyé àpótí kékeré. Wọ́n ń tẹ́tí sí mi bí ẹni tó ń gbọ́ aboyún tó ń purọ́ oṣù rẹ̀.

“Bátìrì,” ni wọ́n wí. “Èmi rò pé nǹkan ṣe ọ́ ni. Mò ń sunkún ẹ̀gbọ́n mi, mo tún ń bẹ àbúrò mi yìí pé kó wá ẹni tó mọ ilé rẹ, kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn.”

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn.

“Ìgbà wo lo ń sùn gan-an?”

“Tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, mà. Bí aago márùn-ún.”

“Aago márùn-ún ni mò ń jí.” Wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí àpótí. “Pè mí kí o tó sùn. Kí lo wá ń fi ẹ̀rọ ṣe?”

Ìyá Ẹ̀rọ, ìwọ tí o ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lára ògiri, èmi tí mo ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé tún ìwé wọn kà, ta nínú wa ló ronú kan èyí?

Wọ́n ní àwọn yóò wá bá àwọn òbí mi lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n ní títí dìgbà náà, ohùn ni àwọn fẹ́ gbọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè wọ́n. Ní àárọ̀ kan, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn títí. Ní òmíràn, wọ́n á kàn ní “mò ń gbọ́”, wọn ò ní sọ nǹkan mìíràn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí jì mí. N kò sì bèèrè.

Ohun tó kù ni pé wọ́n bi mí ẹni tó kọ ètò náà. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́n púpọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa kí irú ọlọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ti fún wọn ní nọ́ńbà rẹ. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi bẹ òun àti àbíkẹ́yìn nítorí oorun wọn, torí tí Màmá bá ti parí pẹ̀lú mi, ìwọ ló kàn. Jọ̀wọ́, fúnra rẹ ni kí o máa dáhùn o. Wọ́n ti mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,

Akọ̀wé Òru.