Nabeelah, Àgbálùmọ̀ àti Àmì Pupa

Agbowó, Ìbàdàn.

Nàfísátù Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le, eékún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn náà kì í sì í ṣe tuntun. Ìwọ ńkọ́? Surajudeen ọkọ rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ Àbújá ń la èèyàn ní ètè. Ọlọ́run tó sìn ọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn yóò sìn ọ́ bọ̀ wálé. Iṣẹ́ tuntun tí o rí kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò sì ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín. Islamiat, ọmọ yunifásítì tó gba yàrá ẹ̀yìn, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. Mo mọ̀ pé fóònù wà, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, o máa ní o wà ní mítíìnì, wàá sì gé mi lẹ́nu. Ìwé kò ṣeé gé lẹ́nu. Dẹ́rẹ́bà kan ní Òjòó ló máa bá mi mú un wá.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Òrùlé tó ń jò, ẹ̀ẹ̀rùn ti bá wa tún un ṣe títí òjò yóò fi dé. Ewúrẹ́ mi bímọ, ọ̀kan nínú wọn jọ Alàájì onílé kejì, pàápàá ní àgbọ̀n. Báǹkì ránṣẹ́ sí fóònù mi pé àwọn kí mi kú ọjọ́ ìbí. Mo ní kí Islamiat bi wọ́n pé ta ló sọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi fún wọn, nítorí èmi fúnra mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. O ní tí oṣù yìí bá parí, o máa wá mú Nabeelah ọmọ rẹ lọ́dọ̀ mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ti ń sùn, nítosí ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀. O ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kò lè fi ẹnu sọ̀rọ̀, ìwé àwòrán ló fi ń sọ̀rọ̀, èmi ò sì mọ̀wé, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, kò dùn mí púpọ̀, torí òótọ́ ni pé mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n Nabeelah náà ò mọ̀wé. Àwa méjèèjì la jọ ń ka ìwé náà, kí o gbọ́ ibi tí a kà á dé.

Nígbà tí o kọ́kọ́ fi ìwé náà sílẹ̀, mo rò pé fọ́tò ìnáwó kan ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Àwòrán kéékèèké ni, wọ́n fi rọ́bà bò wọ́n bíi káàdì ìdìbò, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ìwé bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìró. Obìnrin kan ló wà níwájú, irun rẹ̀ dà bí irun àgbàdo. Islamiat ní Màmá ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá Surajudeen ti fẹ́ ìyàwó òyìnbó tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mo yọ obìnrin náà kúrò, mo gé ojú rẹ lára kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó yín, mo fi sí ibẹ̀. Ojú Surajudeen bá a lọ díẹ̀, kó má bínú.

Àwòrán kan tún wà tó rí róbótó, tó pọ́n dáadáa, tó ní ojú méjì àti ẹnu. Ta ni kò mọ àgbálùmọ̀? Ohun tí mò ń tà níwájú ilé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ ni. Nabeelah á jí, á fọwọ́ kan róbótó náà, èmi á fún un ní àgbálùmọ̀ kan. Ó ń mu ún tán báyìí, á tún fọwọ́ kàn án, èmi á tún fún un. Mo ní ọmọ yìí ló máa mu ọjà mi tán. Ìgbà tí inú ń run ún ni mo ránṣẹ́ sí Fọláṣadé, tíṣà tó ń wá kọ́ Nabeelah láti Bódìjà. Fọláṣadé wò ó, ó ní kì í ṣe àgbálùmọ̀, ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé inú mi dùn. Mo ní èèyàn wo ló pọ́n báyẹn tí kò sì ní ọrùn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń yà á nìyẹn. Wò ó, ọmọ náà á jí, á ní inú òun dùn, èmi á fún un ní àgbálùmọ̀, inú rẹ̀ á tún dùn sí i, á tún sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì, ikùn nìkan ló jìyà.

Èmi náà bi Fọláṣadé ní ìbéèrè tèmi. Mo ní mo ti ṣí ìwé yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin: mo fẹ́ mu omi, mo fẹ́ jẹun, mo fẹ́ tọ̀, ó rẹ̀ mí. Ìkíni dà? Ó fi àwòrán ọwọ́ kan hàn mí tó là gbaya. Mo ní ìyẹn la fi ń dá ọ̀kadà dúró, a kì í fi kí àgbà. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ṣé kò ní eékún ni? Fọláṣadé rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ẹ ò puró. Ó ya ọmọdébìnrin tó kúnlẹ̀, ó fi rọ́bà bò ó, ó sì mú un wá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Nabeelah gbé e sí mi lójú, òun fúnra rẹ̀ sì dúró gbagidi. Ó fẹ́ kí àwòrán máa bá òun kúnlẹ̀! Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́, ìwọ àti ẹ̀ lẹ jọ máa kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń kúnlẹ̀ báyìí. Alàájì tó máa ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára ìkòkò, ó dúró lọ́jọ́ tó kí i. Ó bi í pé ṣé dáadáa ló wà, ó sì dúró gbọ́ èsì. Nabeelah fọwọ́ kan róbótó. Alàájì bá ra àgbálùmọ̀ fún un.

Ó wá ku àmì pupa, àwọn ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Tí àwọn ìjọba bá ti fi ọ̀dà pupa fa irú rẹ̀ sára ògiri, katapílà tó máa wó ilé ló kù. Ọjọ́ tí mo rí i lára ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ti ń wá ìwé ilẹ̀ bàbá mi kiri. Ọjọ́ kejì mo tún rí i lára abọ́ ẹ̀kọ. Mo ní ṣé ìjọba ti dé orí ẹ̀kọ ni? Àṣé Nabeelah ló ń lẹ̀ ẹ́ kiri. Fọláṣadé ní rárá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní kó gbé e kúrò nílé mi, ọmọ wo ló ń sọ rárá fún àgbà. Ó ní Màmá, ọmọ tí kò lè kọ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń dùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo fẹ́ dirun fún Nabeelah, ó bá lẹ àmì pupa mọ́ òòyà. Mo ti fẹ́ fi ipá mú un, mo bá ní kí n kọ́kọ́ wo orí ná. Eéwo ló wà láàárín irun, ó ti gbó. N bá ti fi òòyà ya á kọjá. Àmì náà ò kúrò nílé mọ́.

O wá fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ funfun sí lára, tí òdòdó yí i ká. Bí o ṣe ní ká ṣe la ṣe. Islamiat to àwòrán fún un: Nabeelah, Màmá, ìyẹn ìwọ, mọ́tò, ilé yẹn. Nabeelah wò ó, ó lọ yọ fọ́tò tèmi, èyí tí Fọláṣadé yà tí mo lejú, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Islamiat yọ ọ́, ó ní Màmá àgbà ò ní bá a lọ. Ó tún dá a padà. Islamiat tún yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan róbótó mọ́. Mo gbé àgbálùmọ̀ síwájú rẹ̀, ó ń wò ó lásán. Àárọ̀ òní la jí bá àmì pupa lórí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Mi ò kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Islamiat ni ẹlẹ́rìí mi, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun jẹ́rìí.

Nàfísátù, Ìbàdàn la ti bí ọ. Ilé tí wọ́n bá ti fàmì pupa sí, ta ló ń kó ẹrù wọ ibẹ̀? Mi ò ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn burú. Ohun tí mo sọ ni pé ọmọ rẹ ti ní ẹnu, wá bi í kí o tó mú un.

Tí o bá ń bọ̀, mú owó dání. Àwòrán kù tí a fẹ́ kí wọ́n bá wa tẹ̀ ní Ṣàngó: òòyà, ọmọ ewúrẹ́, Alàájì. Òróró eékún mi ti tán. Islamiat náà nílò dátà, ó ní kí n má sọ ọ́. Má fi owó náà sí báǹkì mi, ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o jẹun ọmọ. Ẹsẹ̀ tí o fi jáde, òun ni wàá fi wọlé. Ohun tí ò ń wá lókèèrè kò ní sọ ohun tí o ní nílé nù. Àmín.

Mo ti ká ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà sínú èyí tòun ti àmì rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa, Nabeelah gbá ọwọ́ mi mú, ó lọ mú ọmọdébìnrin tó kúnlẹ̀ wá, ó gbé e lé orí rẹ̀. Mo ní ẹyọ kan la ní, ó kọ̀. Nítorí náà mú méjèèjì bọ̀ kíákíá, ọmọ rẹ ò ní ohun tí yóò fi kí èèyàn mọ́, kò sì ní ohun tí yóò fi kọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti tú ìwé yìí, èyí tó kúnlẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ rí. Ó kí ọ kó tó kọ̀ fún ọ. Ọmọ tí mo tọ́ nìyẹn.

Ìyá rẹ,
Ràbíátù. Ìtẹ̀ka mi nìyí.